Ẹ̀yin Ọmọ Ajílété Tó Fẹ́ Ra Ilé Rẹ́ńtì l'Ékòó: Lẹ́kí ni àbí Ẹ̀pẹ́?

Àwọn ará wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ̀ pé mo nílé ní ibi méjèèjì kì í yé bi mí pé èwo ni kí àwọn rà. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ní ti owó, Lẹ́kí ń mówó wọlé ju Ẹ̀pẹ́ lọ, kò sí àríyànjiyàn. Ní ti ayálégbé, òṣìṣẹ́ báńkì pọ̀ ní Lẹ́kí. Ẹ̀pẹ́ ní akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó) àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ lápá Ìbẹ̀jú. Ìwé ilẹ̀, ẹ gbé e fún lọ́yà, jìbìtì wà níbi méjèèjì.

Omi gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ fi ohun tó lé ní 300 mítà ga ju òkun lọ. Bí òjò bá rọ̀ títí, àgbàrá á sáré gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í béèrè ibi tí omi ń lọ bí a bá fẹ́ ralé. Àárín òkun àti ọ̀sà ni Lẹ́kí wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àbàtà tí wọ́n da yanrìn sí. Inú ọ̀sà ni gọ́tà ń da omi sí, òkun sì máa ń kún wá sókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọ̀sà náà á sì kún. Bí òjò ńlá bá pàdé ìkún yẹn, gọ́tà ò ríbi da omi sí mọ́. Mo dúró lẹ́nu géètì ilé mi, mò ń wo omi gọ́tà tó ń ṣàn padà wọnú ọgbà. Ó gbé bàtà ayálégbé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e lọ sídìí táǹkì. Sọ́kawéè kún, ìdọ̀tí ń ru jáde ní balùwẹ̀. Ọmọlúàbí tí kì í jẹ owó ilé ni ayálégbé náà, ó kó jáde kí ọdún rẹ̀ tó pé. Mo dá owó tó kù padà fún un, mo sì pààrọ̀ gbogbo ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ éjẹ́ǹtì tó mú mi débẹ̀ lásìkò ọyẹ́ ti sọ pé omi ò dé àdúgbò náà rí! Ní oṣù keje ọdún 2017 àti ti 2024, gbogbo ayé ló rí bí omi ṣe gba títì Lẹ́kí.

Ẹ lọ wo ilé etí òkun ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, lọ́jọ́ tí òṣùpá bá yọ odindi tàbí tí tuntun bá lé, torí ìgbà náà ni òkun ń kún jù. Ẹ má lọ ní oṣù kẹjọ: òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ á tàn yín. Ẹ wo ìdí fẹ́ǹsì. Ilà rúsúrúsú tó gba ara fẹ́ǹsì gbogbo àdúgbò kọjá, ibi tí omi dé nìyẹn. Bí ọ̀dà tuntun bá mọ sí orúnkún, ẹ bèèrè ohun tó bò mọ́lẹ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná bá ga lára ògiri ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó kọ́lé mọ ohun tó ń sá fún. Ẹ kí mẹ́gádì ilé kejì dáadáa, kí ẹ bi í níbi tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí bójò bá ń rọ̀. Ẹ dé ọ́fíìsì ìjọba Èkó ní Alausa, kí ẹ rí i pé ilé náà kò sí lójú ọ̀nà omi, torí ìjọba ti wó irú rẹ̀ lápá Ikota ní Lẹ́kí.

Ẹ̀pẹ́ náà ní ọ̀sà, n kò sì ní ra ilé etí omi ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gun òkè, omi á ríbi sáré gbà bíi tiwa níbí. Owó tèmi níbẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó ń wọlé, ayálégbé kan náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó lówó àtúnṣe nílẹ̀, tó sì lè ra fúláàtì òkè, Lẹ́kí dára fún un. Ẹni tó jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì ló fẹ́ fi rà á, tí kò sì lè ti Ògbómọ̀ṣọ́ sáré dé Èkó lóru ọjọ́ òjò, kó gba Ẹ̀pẹ́ lọ, orí òkè ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé.