Kọ́ìlì 3 ohm lórí dísítíríbútọ̀ oníkọ́ńtáàtì: ohun tí ojú mi rí

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí kọ́ìlì yìí, ohun tó ń sọ volt 12 bátìrì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt fún plọ́ọ̀gì, ti wà lórí Ìjàpá mi, Volkswagen ọdún 1972, ẹ́ńjìnì 1600 cc. Kọ́ìlì alágolo ni, òróró wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ooru jáde. 3 ohm ni (ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Dísítíríbútọ̀ ọkọ̀ náà, tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ṣì ń lo irú kọ́ńtáàtì (súwíìṣì kékeré tó ń ṣí tó sì ń padé láti já iná kọ́ìlì) àti kọ̀ńdẹ́ńsà (tí kì í jẹ́ kí iná jó ojú kọ́ńtáàtì) tí wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn kọ́ìlì yìí gidigidi, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí mo yọ kúrò kó tó dé lágbára jù ú lọ. Agbára yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dísítíríbútọ̀ mi jẹ́.

Wọ́n kọ 40,000 volt gàdàgbà sára páálí èyí àkọ́kọ́. Lójú tèmi, bí volt bá ṣe pọ̀ tó ni iná plọ́ọ̀gì yóò ṣe le tó. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbàrà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, yóò sì kú sí mi lọ́wọ́ lójú títì. Bí mo bá ní sùúrù fún ogún ìṣẹ́jú, yóò tún jí. Kabúrétọ̀ ni mo dá lẹ́bi. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, pàbó ló já sí. Ọjọ́ tí mo ṣèèṣì fọwọ́ kan kọ́ìlì ni mo fa ọwọ́ yọ wìrì: òróró ti ń sun jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣí dísítíríbútọ̀, ojú kọ́ńtáàtì ti dúdú, ó sì ti jẹ wọ́gọwọ̀gọ.

Ìgbà náà ni mo tó gbé mítà láti wọn kọ́ìlì náà. 0.7 ohm! Ẹ pín volt bátìrì sí iye ohm, ẹ ó rí ìṣòro náà: 12 tí a pín sí 0.7 lé ní ampere 17. Iye tí yóò máa dà gba inú kọ́ńtáàtì kékeré nìyẹn bí ó bá padé tí súwíìṣì sì wà ní títàn, bẹ́ẹ̀ ampere 4 tàbí díẹ̀ lé ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì tó mọ bí a ṣe ń ṣẹ́ iná kù ni irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ wà fún. Volt orí páálí yẹn náà kò sì rí bí mo ṣe rò ó. Ibi tí iná bá ti lè fo àlàfo plọ́ọ̀gì ni volt kọ́ìlì ń dúró sí. Bí 12,000 bá tó o, kò ní dé 40,000 láé.

Kí n tó de tuntun yìí mọ́ ọkọ̀, mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́ nígbà tó ṣì tutù. Mo fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, ó ka 0.2, mo gbé wọn lé ojú 15 àti ojú 1, ibi méjì tí wáyà ń wọ kọ́ìlì, ó ka 3.3. Nítorí náà 3.1 ni tòótọ́. Mo pààrọ̀ kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́ńsà pọ̀, mo fi àlàfo kọ́ńtáàtì sí 0.4 mm, lẹ́yìn náà ni mo tó tún tímíǹgì, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń ta iná, ṣe. Ẹ má ṣe yí ètò yìí po, torí bí àlàfo bá ti yí, tímíǹgì ti yí nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ò kú mọ́. Mo ti wà á fún wákàtí mẹ́ta láìdúró nínú oòrùn, mo sì fọwọ́ lé kọ́ìlì nígbà tí mo dúró: ó gbóná, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbà á. Kọ́ńtáàtì tí mo yẹ̀ wò lóṣù tó kọjá ṣì ń dán. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò kọ iye ohm sára agolo náà rárá, orí páálí nìkan ló wà. Ẹni tó bá ra àlòkù kò ní mọ ohun tó rà. Ìdè tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ara ọkọ̀ náà tún fẹ̀ jù. Rọ́bà ni mo fi há a.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ló yẹ, o. Ọ̀rẹ́ mi rí tèmi, ó sáré ra irú rẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ wá ń tiro. Ọkọ̀ náà ní rẹ̀sísítọ̀ 1.5 ohm, ohun tó ń dín iná kù, lójú ọ̀nà iná tó ń lọ sí kọ́ìlì, torí kọ́ìlì 1.5 ohm ló bá a wá láti ilé iṣẹ́. Bí sítátà bá ń yí, iná máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀sísítọ̀ kọjá kí kọ́ìlì lè rí volt tó pọ̀ tó. Bí ẹ́ńjìnì bá ti jí, rẹ̀sísítọ̀ a tún dí i lọ́nà. Nígbà tó fi 3 ohm síbẹ̀, 4.5 ohm ni gbogbo rẹ̀ di, iná plọ́ọ̀gì sì rọ̀. A yọ rẹ̀sísítọ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà, ó bọ́ sípò.

Ẹ tún kíyè sí wáyà méjèèjì tó wà lórí kọ́ìlì: 15 fún súwíìṣì, 1 fún dísítíríbútọ̀. Bí ẹ bá gbé wọn sódì, ẹ́ńjìnì á ṣì jí, ìyẹn ló ń tan ènìyàn, àmọ́ plọ́ọ̀gì á máa béèrè volt púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti fi ọ̀dà funfun kọ 3.1 sára tèmi, mo sì ti ra ìkejì tó wà nínú búútù.