Mo fi bíríkì oníke kọ́ ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́: àgbéyẹ̀wò páálí onímotor tí mo rà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ra páálí bíríkì oníke tó ní motor yìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni kí n tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, torí irú nǹkan báyìí, kì í ṣe ọjọ́ tá a bá kọ́kọ́ ṣí i la máa mọ bó ṣe rí, ó dìgbà tá a bá ti tú u, tá a tún un tò, tá a tún tú u, tí iná ti lọ mọ́ wa lọ́wọ́, tí eruku ọyẹ́ ti wọ inú gíà ẹ̀, ká tó lè lanu pé ó dáa àbí kò dáa. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, lọ́wọ́ Lágeré, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan la jọ máa ń fi bíríkì kọ́ nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, a sì máa ń fi díje. Kí n tètè sọ ibi tí mò ń lọ: ẹ má ra páálí yìí torí kátápílà tí wọ́n yà sára ẹ̀. Ẹ rà á torí àwọn gíà àti motor inú ẹ̀, torí ohun tẹ́ ẹ lè fi wọ́n kọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tú kátápílà yẹn palẹ̀.

Èkó ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó ọjà wọlé láti Ṣáínà, ó fi rán dẹ́rẹ́bà sí mi, mo lọ gbà á ní Mayfair lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Kì í ṣe LEGO o. Àwọn tó ń tà á níbí kàn ń pe gbogbo bíríkì ní LEGO ni, bí ìgbà tá à ń pe gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́búlúù ní Omo. LEGO gan-an, ará Denmark ni, ní ìlú Billund, ọdún 1958 ni wọ́n ti lọ béèrè ẹ̀tọ́ lórí bí bíríkì wọn ṣe ń di ara ẹ̀ mú, kẹ́lòmíì má bàa ṣe é, 1977 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ irú èyí tó ní gíà àti axle (ọ̀pá tí gíà ń yí lórí ẹ̀), èyí tá a wá ń pè ní Technic. Ẹ̀tọ́ yẹn ti parí tipẹ́, ìdí nìyẹn táwọn iléeṣẹ́ míì fi lè ṣe èyí tó bá tiwọn mu. Mo ní Technic àtijọ́ díẹ̀ tí bọ̀dá mi kó wálé láti ìlú òyìnbó, mo sì fi wọ́n wéra: láti àárín ihò kan dé àárín ìkejì, mìlímítà 8 ni nínú méjèèjì, axle tibí ń wọ ihò tọ̀hún, eyín gíà tọ̀hún ń wọ eyín gíà tibí. Ìyẹn wú mi lórí.

Kí ló dé tí mi ò kúkú ra LEGO? Owó ni. Kátápílà Liebherr R 9800 tí wọ́n gbé jáde ní 2019, bíríkì 4,108 àti motor 7 ló wà nínú ẹ̀, fóònù lèèyàn fi ń darí ẹ̀, ó wù mí dé egungun, àmọ́ iye tí wọ́n ń pè é ju owó ilé tí mò ń san lọ́dún lọ. Èyí tí mo rà yìí sún mọ́ kátápílà wọn ti 2010, 8043 ni nọ́ńbà ẹ̀, bíríkì 1,123 àti motor 4. Tèmi náà ní motor 4, bíríkì ẹ̀ lé díẹ̀ ní 1,000, rímóòtù wà, bátìrì tó ṣeé ṣáájì sì wà.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí bátìrì yẹn, torí níbi tá a wà yìí, òun ló máa sọ bóyá èèyàn á máa lo nǹkan tó rà àbí á kàn gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ti LEGO àtijọ́, bátìrì kékeré mẹ́fà ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀, ẹyọ kan volt 1.5, mẹ́fà jẹ́ 9. Tẹ́ ẹ bá wá ra irú ẹ̀ tó ṣeé ṣáájì, ẹyọ kan 1.2 ni, mẹ́fà ò ju 7.2 lọ, motor á falẹ̀, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé motor ti bàjẹ́. Ọjà sì wá kún fún bátìrì tí kì í lò tó wákàtí kan. Èyí tó wà nínú páálí mi, litíọ̀mù ni, volt 7.4, okùn USB ló ń gbà, power bank tí mo fi ń ṣáájì fóònù ń ṣáájì ẹ̀, sólà kékeré tó wà lórí òrùlé aládùúgbò mi náà ń ṣáájì ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí a ò rí iná rárá ládùúgbò, mi ò dáṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan. Ibí yìí ni wọ́n ti gba máàkì tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi.

Kátápílà yẹn, alẹ́ mẹ́rin ni mo fi tò ó. Ó rìn, ó yí, ó gbé apá sókè, àwọn ọmọ ilé wa patẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ti sú wọn, ó ti sú èmi náà.

Ìgbà tí ìdíje wa dé ni mo tó mọ ohun tí mo rà. Òfin ìdíje náà rọrùn: kí kálukú kọ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò ẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án, bátìrì tìẹ ni wàá lò. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ṣe gàrí ní Mọdákẹ́kẹ́, ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí, mo ní mo máa kọ́ ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ àti jáàkì tó ń tẹ omi inú ẹ̀ jáde. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé iṣẹ́ méjèèjì yìí ò jọra rárá. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ eré, jáàkì ń fẹ́ agbára, irú motor kan náà ló sì máa ṣe méjèèjì.

Mo bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó ń rin ẹ̀gẹ́. Motor yìí jọ motor M ti LEGO àtijọ́, ìyẹn sì ń yí bí ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú kan tí nǹkan kan ò bá sí lórí ẹ̀. Mo ní kó sáré sí i, mo fi gíà eyín 40 sí i lára kó máa yí gíà eyín 8, kó di ìlọ́po márùn-ún. Mo tan án, ó kùn hùn-ùn, kò yí. Mo fọwọ́ tì í, ó yí díẹ̀, mo ju fóòmù kan sí i (fóòmù ni mo fi ṣe ẹ̀gẹ́), ó dúró pátápátá, ilé bátìrì gé iná fúnra ẹ̀. Mo tú u, mo fi eyín 24 sí eyín 8, ìlọ́po mẹ́ta, ó yí lófìfo àmọ́ fóòmù méjì ti dá a dúró. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo wà lórí ẹ̀, inú sì ń bí mi sí páálí náà, mo ti ní motor ẹ̀ ò lágbára ni.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Sábó ló là mí lóye. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn torí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi yẹ motor wò, wọ́n fi ìka yí gíà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, “Àbúrò, ọ̀kadà tó gbé èèyàn méjì tó fẹ́ gun Òkè Ìtasẹ̀, ṣé gíà kẹrin ló máa fi gbéra?” Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, “Gíà kẹrin lo fún motor yìí.” Ó parí. Ohun tí èèyàn bá fi kún eré, inú agbára ló ti yọ ọ́: tí eré bá di ìlọ́po márùn-ún, agbára á di ìdá kan nínú márùn-ún, kí gíà tó ń ha ara wọn tó tún jẹ tiẹ̀ nínú ẹ̀. Mo padà sílé, mo fi eyín 24 sí eyín 16, ìlọ́po kan àbọ̀ péré, ó sì ń fọ́ fóòmù wẹ́wẹ́ bí ẹní ń rin ẹ̀gẹ́ lóòótọ́.

Ariwo kan ṣì kù, krá-krá-krá, tí eyín gíà ń fo ara wọn. Èyí kì í ṣe ẹjọ́ gíà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni mo ti gbé axle dúró, tí iṣẹ́ bá wúwo axle á tẹ̀, gíà á jìnnà síra. Mo fi bíìmù (bíríkì gígùn oníhò) dè é lọ́tùn-ún lósì, mo tún fi òmíràn dábùú méjèèjì, ariwo dákẹ́. Ìwé tó wà nínú páálí ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń fi àwòrán hàn yín pé kẹ́ ẹ fi èyí sí ibí kẹ́ ẹ fi tọ̀hún sí ọ̀hún.

Ẹ wá wo ti jáàkì. Ọ̀pá méjì kan wà nínú páálí náà tó ń gùn tó ń kúrú, òun ló ń gbé apá kátápílà, linear actuator ni wọ́n ń pè é, 2008 ni LEGO kọ́kọ́ fi irú ẹ̀ sínú Technic. Síkúrù ló wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí motor bá dúró ó máa dúró síbi tó wà, nǹkan kan ò lè tì í padà, gẹ́gẹ́ bí jáàkì tí ẹ̀gbọ́n màmá mi ń lò. Mo fi eyín 8 yí eyín 24, agbára di ìlọ́po mẹ́ta, mo wá fi gbé ọ̀pá méjèèjì sọ̀kalẹ̀ sórí pákó kékeré kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ pákó yẹn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá kan ti gùn ju ìkejì lọ kí n tó so wọ́n pọ̀, èyí tó gùn ti dé òpin ẹ̀ ó wá ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́ (ohun kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń jẹ́ kó yọ̀ kó má bàa kán, mo dúpẹ́ fún ìyẹn). Ẹ gbọ́dọ̀ fa méjèèjì wọlé tán pátá kẹ́ ẹ tó fi axle kan ṣoṣo so wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn mo ki fóòmù sínú omi, mo fi í sábẹ́ pákó, mo tan án, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó-tó-tó sínú ìdérí ìgò tí mo gbé sábẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó sílẹ̀ mo ń wò ó bí ọmọdé. Motor àti bátìrì wà lókè o, ẹ má jẹ́ kí omi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àbùkù tó tóbi jù: axle gígùn wọn rọ̀. Èyí tó gùn tó ihò 12 lọ́ bí okùn lọ́wọ́ mi nígbà tí jáàkì ń tẹ̀, tí mo fa á yọ kò tún gún mọ́. Ọgbọ́n tí mo dá sí i ni pé mo gbé gíà tó ń dín eré kù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ motor, mo gbé e lọ sí ìdí jáàkì gan-an, axle gígùn wá ń sáré láìru ẹrù, ẹrù dìgbà tó dé ìdí iṣẹ́. Látìgbà yẹn ọ̀kan ò lọ́ mọ́. Ẹni tó bá máa rà á, kó ra axle márùn-ún mẹ́fà tó gùn mọ́ ọn.

Àwọn tó kù: pin márùn-ún (èyí tá a fi ń so bíríkì pọ̀) ò sí nínú tèmi, ẹni tó tà á fún mi ò sì dáhùn mọ́ látìgbà tó ti gbowó. Àwòrán inú ìwé ṣókùnkùn, dúdú àti eérú ò yàtọ̀ síra lábẹ́ iná sólà, ẹ fi fóònù yà á kẹ́ ẹ mú kó mọ́lẹ̀ sí i. Rímóòtù ẹ̀ ò mọ díẹ̀díẹ̀, ó máa tan ni tàbí kó pa. Tí eruku bá wọ̀ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ ni mo fi ń gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ láé, ó máa ń jẹ irú ike yìí.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó ṣiṣẹ́ títí dé ìṣẹ́jú kọkànlá kí fóòmù tó há sí ẹnu ẹ̀rọ, bátìrì gé iná, mo ní láti fọwọ́ kàn án kí n tó tún un tan, wọ́n yọ máàkì. Ipò kejì ni mo ṣe. Ẹni tó gbapò kìíní kọ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù, ó yẹ ẹ́ gidi, ẹ̀rọ ẹ̀ ò dúró lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ilé bátìrì tèmi lè tan ara ẹ̀ padà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Mo fún un ní 7 nínú 10. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ẹ má rà á fún un láìjẹ́ pé àgbà máa jókòó tì í. Ẹni tó fẹ́ nǹkan tó máa gbé sórí ṣẹ́ẹ̀fù, owó ẹ̀ ṣòfò. Ẹni tó ń kọ́ nǹkan fún ìdíje tí ò rówó LEGO ńlá, kó lọ rà á.

Mo gbé e lọ han ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Mọdákẹ́kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n da omi fóòmù sọ́wọ́ wọ́n gbọ́n ọn dànù, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó dáa o. Agbada tá a máa fi yan án dà?” Torí náà motor kẹta ló wà lórí tábìlì mi báyìí, mo fi gíà tó rí bíi síkúrù sí i lára, òun àti gíà eyín 24, motor máa yí ìgbà 24 kí igbá tó ń ro gàrí tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì yá jù díẹ̀ lójú mi.