General Sherman ní Kalifọ́níà: igi náà tó wò, òkè ibẹ̀ ni kí ẹ múra fún

Bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo igi àtayébáyé kan ní Amẹ́ríkà, General Sherman tó owó epo tí ẹ máa sun. Ohun tó ń ba ọjọ́ náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹbí kì í ṣe igi. Ọ̀nà ni, àti òkè tí wọ́n máa gùn padà.

Ẹ rọ epo ní ìlú Visalia tàbí Three Rivers, torí kò sí ilé epo nínú Sequoia National Park, igbó ìjọba tí igi náà wà. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń san owó ìwọlé, ó sì wà fún ọjọ́ 7. Ẹ mú káàdì dání. Nẹ́tíwọ̀kì kò ṣeé gbára lé, nítorí náà ẹ ti da máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Láti géètì gúúsù dé Giant Forest, apá igbó náà tí Sherman wà, máìlì 16 péré ni, ṣùgbọ́n ó ń gba bíi wákàtí kan, torí ọ̀nà náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó sì fi ohun tó lé ní mítà 1,400 gòkè. Ọmọ tó bá ń tẹ fóònù lẹ́yìn ọkọ̀ yóò bì. Kí ọ̀rá wà nítòsí. Bíbọ̀ ló tún léwu jù: ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì á gbóná, á máa rùn, tó bá yá kò ní mú mọ́. Ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kí ẹ́ńjìnnì máa dì í mú.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá wà lójú ọ̀nà Wolverton, lórí òkè tó ga ju ibi tí igi náà wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ó máa ń tètè kún, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ débẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ti ibẹ̀ lọ kò ju bíi mítà 800, àtẹ̀gùn wà lójú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló sì dojú kọ. Lílọ rọrùn, ìyẹn gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ. Nígbà àbọ̀ ni ẹ máa mọ̀ pé bíi mítà 60 lẹ ti sọ̀kalẹ̀, lórí ilẹ̀ tó ti ga tó mítà 2,100 tẹ́lẹ̀. Jos tí à ń pè ní orí òkè, bíi 1,200 ni. Èémí á ká yín. Bí ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn bá wà nínú ọkọ̀, tó sì ní káàdì aláàbọ̀ ara, ibi ìgbọ́kọ̀sí kékeré wà lẹ́bàá Generals Highway nísàlẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ kúrú, ó sì tẹ́jú. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tún máa ń rìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bi awakọ̀ léèrè ibi tó ń lọ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ má sáré kọjá àwọn òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà láti fi hàn bí ìdí igi náà ṣe fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rìn yí i ká, nítorí tí ẹ bá dé iwájú igi gan-an, ojú kò ní lè wọ̀n ọ́n mọ́. Ẹni tó mọ ìrókò á máa retí ẹ̀ka tó tàn bí agboòrùn. Kò sí. Òpó pupa rúsúrúsú kan ló dúró gbọnrangandan, mítà 83.8, ìdí rẹ̀ yípo bíi mítà 31, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì ti kú. Ọdún 2,200 sí 2,700 ni wọ́n fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ga jù láyé, kì í sì ṣe òun ló dàgbà jù. Bí igi inú òpó rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ló fi gba oyè igi tó tóbi jù láyé.

Wọ́n fi ọgbà yí i ká, inú sì ń bí àwọn kan pé wọn kò lè fọwọ́ kàn án. Ohun tó fà á ni pé gbòǹgbò sequoia, irú igi tí Sherman jẹ́, kò jìn, ńṣe ló tàn ká lábẹ́ ilẹ̀, bí ẹgbàágbèje ẹsẹ̀ bá sì ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀, omi kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ọgbà náà ń gba ènìyàn là pẹ̀lú: ní 2006, ẹ̀ka kan tó nípọn bíi mítà 2 já lulẹ̀, ó fọ́ apá kan ọgbà náà. Ẹ wo àpá iná dúdú tó wà lára òpó. Èèpo sequoia lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kì í tètè gbiná, ooru iná ló sì máa ń mú kí èso rẹ̀ là, kí irúgbìn dà sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà iná ńlá 2021, ọ̀ràn náà le débi pé wọ́n fi bébà aluminiọ́mù wé ìdí Sherman.

Ẹni tó bá ya fọ́tò tán tó padà sínú ọkọ̀ kò tíì rí nǹkan kan. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ń jẹ́ Congress Trail bẹ̀rẹ̀ nítòsí igi náà, bíi máìlì 3 ni gbogbo àyíká rẹ̀, èrò ibẹ̀ sì dín. Lójú ọ̀nà náà ni igi tó ń jẹ́ The President wà, tí wọ́n ń fojú díwọ̀n sí ọdún 3,200, ẹ̀gbọ́n Sherman pátápátá.

Ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ o, ì báà ṣe ṣingọ́ọ̀mù tàbí ìpara ọmọ. Béárì ń gbóòórùn rẹ̀, á sì fọ́ gíláàsì. Àpótí irin wà níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ kó o síbẹ̀, kí ẹ sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ títí tó fi dún.