Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tó fẹ́ ra brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, n'Ìbàdàn

Mi ò fẹ́ kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìtìjú ni. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá kò tíì gbọ́. Ṣùgbọ́n lánàá mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tó ta brain box fún mi kọjá, mo rí i tó jókòó sórí táyà, tó ń jẹ àgbàdo, tí ìyá kan dúró níwájú rẹ̀ tó ń tú owó nínú báàgì. Mi ò lè sùn lóru àná.

Kéèkì ni mo ń ṣe. Corolla 2005 ni mo fi ń gbé e kiri, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́ta láti Mọ́kọ́lá, mò ń lọ sí Bódìjà. Nítòsí Sẹkitéríàtì, ọkọ̀ kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń yí, kò jí. Oòrùn ọ̀sán gangan! Mo ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi páálí ń fẹ́ kéèkì oníkéèkì, àwọn òdòdó tí mo fi òru ṣe ń yọ̀ sílẹ̀ níṣojú mi. Nígbà tó tó bí ogún ìṣẹ́jú, mo tún yí kọ́kọ́rọ́, ó jí bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ó gbóná, ó kú; ó tutù, ó jí.

Mẹkáníìkì mi, ẹni tí mo ti ń gbé ọkọ̀ fún láti ọdún mẹ́fà, kò fi ẹ̀rọ kankan yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kàn tẹ́tí sí i, ó ní, "Mummy, brain box ló ń kú lọ yẹn." Òun náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan lágbègbè Gate.

Ẹnu ọmọ yẹn dùn. "Mummy mi, ẹ jókòó. Ẹ mu omi tútù." Ó yọ fóònù, ó fi hàn mí pé ní 2010, Toyota fúnra wọn kéde pé kí wọ́n dá Corolla àti Matrix ti 2005 sí 2008 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nítorí ọpọlọ ọkọ̀ yìí kan náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan ọkọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti fi òjé jó pátákó inú rẹ̀ lè sán, kí ẹ́ńjìnnì sì kú lórí ìrìn. Òtítọ́ sì ni! Mo padà lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ohun tó ń jó mi nínú jù nìyẹn, pé òtítọ́ ló fi dẹ pàkúté fún mi. Ọkọ̀ mi jẹ́ 2005, ó ń kú lórí ìrìn, kí ni mo tún fẹ́ máa bèèrè? Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

190,000 ló pè é. Mo ná an títí, ó jẹ́ 165,000. Ó wá ní, "Nítorí pé ẹ jọ ìyá mi, ẹ fi ti inú ọkọ̀ yín sílẹ̀, kí n yọ 25,000 kúrò." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàdúrà fún un! Mo ní Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ̀. Mo san 140,000, mo tún san 15,000 fún ohun tó pè ní programming, mo fún mẹkáníìkì ní 10,000.

Ọjọ́ kejì, ní Òjóò, ó gbóná, ó tún kú. Mo pe ọmọ tó tà á fún mi. Ó ní kí n ní sùúrù, pé brain box náà ṣì ń kọ́ ìwà ọkọ̀. Ó ń kọ́ ìwà ọkọ̀! Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo yí kọ́kọ́rọ́, iná check engine kò tilẹ̀ tàn. Mo pè é lẹ́ẹ̀mọkànlá, kò gbé e. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a, ojú tó fi wò mí kì í ṣe ojú ọmọ tó ń pè mí ní ìyá mọ́. Ó ní wáyà ọkọ̀ mi ló jó ọjà òun, pé ohun oníná kì í ní wárántì. Mo yọ rìsíìtì. "Spare part" nìkan ló kọ síbẹ̀, kò sí nọ́ńbà kankan. Mẹkáníìkì mi dúró tì mí, ó ń wo ilẹ̀.

Bàbá ríwáyà kan ní Apata ló là mí lójú. Ó kọ́kọ́ wo bátìrì, fíùsì, relay àti wáyà ilẹ̀ (earth), gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá gbé brain box náà sórí bẹ́ǹṣì, ó fi èékánná họ etí sítíkà rẹ̀. Ó ká. Sítíkà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀! Nọ́ńbà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, ṣùgbọ́n ìparí wọn kò bára mu. Nínú rẹ̀, ìpẹtà funfun ti mú pátákó, wọ́n sì ti fi ọwọ́ jó òjé tuntun sí ojú mẹ́ta, ó rí wúruwùru.

Mo tún ra òmíràn, 150,000, èyí tí Bàbá fi nọ́ńbà bá ọkọ̀ mi mu. A fi sí i. Ó gbóná, ó kú! Bàbá fi scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, kàn án, ó gbé kóòdù P0335 jáde. Crank sensor ni, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ fún brain box bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí; òun ló ń kú nígbà tó bá gbóná. Wọ́n pa á dà ní 14,000, láti ọjọ́ yẹn kò kú mọ́ rí.

Ṣé ó yé yín? Ọpọlọ ọkọ̀ mi kò ṣàìsàn rárá. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé èyí tó pé fún un, ó fi òkú lé mi lọ́wọ́, mo sì tún san owó lé e.

Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ní kí wọ́n scan ẹ́ kí n tó ná kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé torí mo jẹ́ obìnrin ni. Ọkùnrin ló mú mi lọ, ọkùnrin ló tú u, ọkùnrin ló tà á. Ọdún mẹ́fà ni mo fi fọkàn tán ẹni yẹn, ta ni mo tún fẹ́ mú lọ? Ó sì dá mi lójú pé ó gba tirẹ̀ nínú owó náà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n scan kí wọ́n tó dárúkọ brain box. Kóòdù P0606 lè tọ́ka sí brain box fúnra rẹ̀. U0100 ń sọ pé brain box kò fọhùn, ṣùgbọ́n fíùsì tàbí wáyà ilẹ̀ lè fa ìyẹn náà. Nọ́ńbà èyí tí ẹ fẹ́ rà àti ti inú ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ bá ara mu dé ìparí. Ẹ họ sítíkà. Tí kọ́kọ́rọ́ yín bá ní chip, ẹ bèèrè bóyá brain box tí ẹ fẹ́ rà yóò mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ má fi ti yín sílẹ̀ láéláé, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ní ó ti kú.

Ní tèmi, mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ gbọ́ mọ́. Ẹ ní olóòótọ́ wà níbẹ̀? Ó lè jẹ́. Èmi ò ní owó tí n ó fi máa wá wọn.

Ríwáyà kan ti fi ọ̀dà funfun kọ C05 sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíkà brain box tèmi tí ọmọkùnrin yẹn gbà, nígbà kan rí, igun rẹ̀ kan sì ti kán díẹ̀. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tèmi ni.