Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta gbàrọgùdù "Night of the Living Dead"

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ fẹ́ràn fíìmù adẹ́rùbani, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń ra díìsìkì lórí ayélujára, ẹ dúró gbọ́ o. Ẹnì kan wà tó ń ta Night of the Living Dead, fíìmù àwọn òkú tó jí tó ń jẹ èèyàn, èyí tí George Romero ṣe ní Pennsylvania, tó sì jáde lọ́dún 1968. Ó ń polówó tirẹ̀ pé odidi ni, pé wọn ò gé nǹkan kan kúrò, pé àtúnṣe 4K ni, ìyẹn èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere gan-an. Irọ́ ni. Ẹ má rà á.

Àbúrò mi kan ní Maryland ló kó sí i lọ́wọ́. Nígbà tí ọjà dé, páálí rẹ̀ ń dán, àwòrán òkú aláwọ̀ ewé kan wà níwájú. Ìyẹn nìkan ti tó kí èèyàn fura, torí dúdú àti funfun ni fíìmù náà. Mo yọ díìsìkì inú rẹ̀, mo yí i padà, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Díìsìkì tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ máa ń dán bíi fàdákà ni. Èyí tí èèyàn jókòó sílé, tó fi kọ̀ǹpútà dà kọ ló máa ń ní àwọ̀ yẹn. A fi sínú ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú 96 ni fíìmù náà. Tiwọn parí ní 84. Wọ́n ti gé púpọ̀ nínú ibi tí àwọn tó sá fún àwọn òkú náà, tí wọ́n há sínú ilé kan, ti ń gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì yọ àwọn fọ́tò tó máa ń jáde ní ìparí kúrò pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibì kan sọ, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ òǹwòran. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Johnny àti Barbra, lọ gbé òdòdó sórí sàréè bàbá wọn. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jiyàn, ọkùnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lọ́ọ̀ọ́kán, láàárín àwọn sàréè, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ó rí i, ẹ ó rò pé òun náà wá síbi sàréè èèyàn rẹ̀ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ẹni tó tọ́ka sí i; nígbà tó yá ni Johnny fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti dẹ́rù ba Barbra. Ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni jìnnìjìnnì á bo èèyàn, torí ojú yín ló ṣe, ẹ ti ń wò ó bọ̀ láti òkèèrè. Nínú díìsìkì àbúrò mi, koríko, òkúta sàréè àti ojú ọ̀run ti di eérú kan náà, ọkùnrin náà sì ti pòórá sínú eérú yẹn. Ó kàn ṣàdédé fò mọ́ Barbra ni. Kò yé èèyàn ibi tó ti wá, kò sì bani lẹ́rù.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Duane Jones. Òun ló ṣe Ben, akọni inú fíìmù náà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó ń pàṣẹ nínú ilé tó kún fún aláwọ̀ funfun, ní ọdún 1968, ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King. Ẹ ronú sí i! Gbogbo ohun tí Ben ń rò, ojú rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Nínú gbàrọgùdù yìí, bó bá ti kúrò lábẹ́ iná, ojú rẹ̀ á di dúdú kirikiri. Ẹ ò ní mọ̀ bóyá inú ń bí i ni tàbí ẹ̀rù ń bà á. Mi ò ní sọ bó ṣe parí fún ẹni tí kò tíì wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí ojú yẹn dáadáa kò lè mọ ìdí tí ìparí náà fi máa ń jẹ́ kí èèyàn jókòó pa síbi tó wà.

Àbúrò mi wò ó dé ìdajì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí ẹ ń yìn nìyí? Oorun ló ń kùn mí." Mi ò dá a lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé fíìmù yìí kò dára, pé òkùnkùn ló kún inú rẹ̀, pé wọn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, irú ẹ̀dà báyìí ni wọ́n wò. Fíìmù kan náà yìí ni Roger Ebert, ará Amẹ́ríkà tó máa ń kọ àríwísí fíìmù sínú ìwé ìròyìn, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1969, pé òun wò ó láàárín àwọn ọmọdé tí wọ́n wá síbi ìran ọ̀sán. Ó ní gbogbo wọn dákẹ́, ọmọbìnrin kékeré kan sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń sunkún. Owó tí wọ́n fi ṣe é ò sì tó nǹkan: bíi $114,000, tí àwọn ọ̀rẹ́ tu jọ.

Ìdí tí gbàrọgùdù rẹ̀ fi pọ̀ báyìí nìyí. Night of the Flesh Eaters ni wọ́n kọ́kọ́ pe fíìmù náà, ibi tí orúkọ yẹn wà lójú fíìmù ni wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tó sọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó pín in káàkiri sinimá yí orúkọ rẹ̀ padà, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára tuntun. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà nígbà yẹn, iṣẹ́ tó bá jáde láìní ọ̀rọ̀ yẹn lára ti di ti gbogbo ayé. Àwọn tó ṣe é pàdánù bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń dà á kọ, tí wọ́n ń da àdàkọ kọ lára àdàkọ. Nítorí náà, títà tí ọkùnrin yìí ń tà á kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Irọ́ tó ń pa nípa ohun tó wà nínú rẹ̀ ni jìbìtì. Kódà, ẹ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, ibi ìkójọ ìwé àti fíìmù lórí ayélujára, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ọ̀bọ ló fẹ́ fi lọ̀ yín.

Ẹ tún kíyè sí èyí: bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ "30th Anniversary" sí i lára, kì í ṣe fíìmù 1968 gangan nìyẹn. John Russo, tó bá Romero kọ ìtàn náà, ló fi ìran tuntun àti orin tuntun sí i, Romero kò sí níbẹ̀. Àwọn tó kun ún ní àwọ̀ náà wà, láti 1986. Omi ṣokoléètì ni Romero fi ṣe ẹ̀jẹ̀, torí ó mọ̀ pé dúdú àti funfun ni òun ń yà. Ẹ wo ohun tí ọ̀dà máa fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ojúlówó àtúnṣe 4K wà. Museum of Modern Art ní New York àti The Film Foundation ló ṣe é láti ara fíìmù tí wọ́n fi kámẹ́rà yà gan-an, wọ́n fi hàn ní 2016, nígbà tí Romero ṣì wà láyé. Criterion, ilé iṣẹ́ tó ń gbé ojúlówó fíìmù jáde, gbé e jáde lórí díìsìkì ní 2018. Bí òǹtajà bá ní 4K ni tòun, ẹ bi í léèrè ẹni tó ṣe àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ sì ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí àti ẹ̀yìn díìsìkì fún yín. Èyí tí mò ń sọ yìí kọ̀, kò ya fọ́tò kankan. Ó ní kí àbúrò mi kúrò lórí ojú ọjà tó ti rí òun, kó wá fi Zelle, ètò tí àwọn bánkì Amẹ́ríkà fi ń fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, sanwó, pé òun á dín in fún un. Owó tí ẹ bá fi Zelle rán, bíi owó tí ẹ kó lé èèyàn lọ́wọ́ ní títì ni. Bánkì sọ fún àbúrò mi pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, wọn ò dá a padà.

Ó ti yí orúkọ ilé ìtajà rẹ̀ padà báyìí, ṣùgbọ́n òkú aláwọ̀ ewé yẹn ṣì wà níwájú páálí. Bí ẹ bá rí i, ẹ ya fọ́tò ìpolówó náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni ojú ọjà náà kó tó pa á rẹ́.