Pọ́ǹpù kékeré tí mo rà nítorí omi gbígbóná tí kò lágbára: oṣù 8 rèé

Oṣù 8 rèé tí pọ́ǹpù yìí ti wà lórí páìpù omi ilé wa. Díẹ̀ ló kù kí n dá a padà fún ẹni tó tà á, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Ṣáwà òkè ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tí a bá ṣí omi tútù, ó ń wá níwọ̀nba. Ṣí omi gbígbóná, á di wínníwínní bí ìrì. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní làkúrègbé, omi gbígbóná sì ni orúnkún wọn ń fẹ́ láràárọ̀. Ẹ̀yìn wọn á ti tutù tán kí omi tó kan orúnkún. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n kúkú máa bá wọn pọn ọ́n sínú garawa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Bí mo ṣe ra pọ́ǹpù nìyẹn, irú èyí tó ń tan ara rẹ̀ bí omi bá ti ń ṣàn. Táǹkì wa kò ga: ìdí rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 2 péré ga ju ṣáwà lọ, bẹ́ẹ̀ mítà 10 ló ń mú agbára tó tó bar 1 wá (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Bar 0.2 ni ṣáwà wa ń rí. Pọ́ǹpù náà ń fi bíi bar 1 kún un.

Plọ́ḿbà gbé e sórí páìpù tó ti inú táǹkì bọ̀, kó tó yà sọ́dọ̀ hítà àti sọ́dọ̀ omi tútù. Mo fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan la ń tì, ó lè borí omi tútù nínú ṣáwà kó sì máa tì í padà sẹ́yìn. Yàtọ̀ síyẹn, kì í ṣe gbogbo pọ́ǹpù ló lè gba omi gbígbóná mọ́ra. Ẹ tún wo ara hítà yín, ẹ ó rí iye bar tó lè gbà. Tiwa jẹ́ 8, ọkàn mi balẹ̀.

A tàn án. Omi tútù tú yàà! Mo yí i sí gbígbóná: pọ́ǹpù tàn, ó kú, ó tàn, ó kú. Mo gbé garawa lítà 10 sábẹ́ rẹ̀, mo fi fóònù ka àkókò. Omi tútù kún un kí ìṣẹ́jú 1 tó pé. Omi gbígbóná gba ìṣẹ́jú 6 ó lé. Ìwé tó bá pọ́ǹpù wá sọ pé omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn tó lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan kí súwíìṣì rẹ̀ tó mọ̀ pé a ṣí omi. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì, plọ́ḿbà padà wá. Ó pa iná hítà, ó jẹ́ kó tutù, ó ti omi, ó wá tú ẹnu ibi tí omi tútù ń gbà wọ hítà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó." Fíltà kan tí kò ju orí àtàǹpàkò mi lọ ló fi lé mi lọ́wọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa ti dì mọ́ ọn bí ẹrẹ̀, pẹ̀lú ègé téèpù funfun tí àwọn plọ́ḿbà fi ń wé ojú páìpù. Mo gbé e sókè sí iná, n kò rí ihò kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá. Gbogbo omi gbígbóná ilé wa, ibẹ̀ ló ń gbà! Páìpù rọ́bà tó tẹ̀lé e náà ti ṣẹ́po lẹ́yìn hítà. A pààrọ̀ ìyẹn, a sì fi búróòṣì ìfọyín àtijọ́ fọ fíltà.

Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 1 àti díẹ̀ ni garawa fi kún. Mo wá pa pọ́ǹpù láti mọ ohun tí fíltà àti páìpù tuntun nìkan ṣe: ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan ni kò lágbára nílé yín, tí tútù ń tú dáadáa, ẹ yẹ ọ̀nà hítà wò kí ẹ tó náwó. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe jẹ́jẹ́, pọ́ǹpù yóò wúlò.

Ó ń pariwo díẹ̀ lóru. Rọ́bà tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ti dín in kù. Tí kò bá sí iná, omi ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n agbára àtijọ́ náà ni. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé kì í mọ ìgbà tí táǹkì gbẹ. Ó ṣiṣẹ́ lórí òfìfo lẹ́ẹ̀kan, ó ń lọ gììrì bí ọlọ, a sì ní láti tú atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde kó tó fa omi padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń jóná. Tí mo bá tún fẹ́ rà, èyí tó ń pa ara rẹ̀ bí omi bá tán ni màá béèrè.

Lóṣù tó kọjá mo tún tú fíltà náà wò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ kò ju fífi ìka méjì mú lọ. Garawa tí mo fi ń pọnmi fún ìyá mi sì ti di ti aṣọ fífọ̀.