The Honest Company: Ilé-iṣẹ́ tí ó sọ ara rẹ̀ ní Olóòótọ́

Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ro ilé-iṣẹ́ tí òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà nì, Jessica Alba, dá sílẹ̀ láti máa ta ìlédìí, ọṣẹ, ìpara àti àwọn nǹkan mìíràn tí ìkókó ń lò. Orúkọ tí ó sọ ọ́, The Honest Company, kò ní ìtumọ̀ méjì: Ilé-iṣẹ́ Olóòótọ́ ni. Bí ẹni tí ń ta ìlédìí lábẹ́ orúkọ mìíràn bá tà á fún wa tí ó sì jò, ohun tí a ó sọ ni pé ìlédìí rẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò gún lára ike ọṣẹ rẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú ìyá tí ó rà á. Òṣùwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wọn ọjà rẹ̀, kì í ṣe ẹwà ojú ẹni tí ó dá a sílẹ̀.

Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí ọ̀pọ̀ abiyamọ mọ̀. Ní ọdún 2008, nígbà tí Alba wà nínú oyún àkọ́bí rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti ń kó aṣọ ọmọ wá ta á lọ́rẹ, ó fi ọṣẹ kan tí wọ́n ń polówó fún aṣọ ìkókó fọ àwọn aṣọ náà, ni ara rẹ̀ bá sú. Ikọ́ fée ti bá a fínra láti kékeré, ó sì mọ ilé ìwòsàn dáadáa kí ó tó dàgbà. Ohun tí ó wá ń rò ni pé bí ọṣẹ yìí bá lè ṣe àgbàlagbà báyìí, kí ni yóò ṣe fún ọmọ tuntun? Ó wá Christopher Gavigan rí, ẹni tí ó ti darí àjọ kan tí ń jẹ́ Healthy Child Healthy World, àti Brian Lee, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá LegalZoom sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ń bá ènìyàn ṣe ìwé òfin lórí ayélujára, pẹ̀lú Sean Kane. Ní oṣù kìíní ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tajà, irú ọjà mẹ́tàdínlógún péré, wọ́n sì ń fi ìlédìí ránṣẹ́ sí ilé àwọn òbí lóṣooṣù fún nǹkan bí dọ́là 80.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni Alba ti lọ sí Washington ní 2011 láti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Òfin Amẹ́ríkà lórí kẹ́míkà, tí wọ́n ṣe ní 1976, kàn gba nǹkan bí 62,000 kẹ́míkà tí ó ti wà ní ọjà nígbà náà wọlé láìbéèrè bóyá wọ́n léwu tàbí wọn kò léwu. Ọdún 2016 ni wọ́n tó tún òfin náà ṣe. Nítorí náà, àyè ṣí sílẹ̀ gan-an fún oníṣòwò tí ó bá lè sọ fún ìyá ọmọ pé, “Mo ti bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ìlédìí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lé lórí, nítorí òun ni òpómúléró ilé-iṣẹ́ náà. Mo fi àlùmọ́gàjí gé ọ̀kan sí méjì lórí tábìlì, mo sì ya inú rẹ̀. Ohun funfun kan wà níbẹ̀ tí ó rọ̀ bí òwú, igi tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì bó láìlo kẹ́míkà chlorine ni. Wóró-wóró kékeré bí iyọ̀ wà láàárín òwú náà, sodium polyacrylate ni orúkọ rẹ̀. Mo da ife omi kan lé e. Kí n tó gbé ife náà kalẹ̀, omi ti wọnú, wóró-wóró náà ti wú, ó ti ki bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kò jò. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wóró-wóró yìí kan náà, tí wọ́n sábà máa ń ṣe láti ara epo rọ̀bì, ló wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìlédìí àlòsọnù tí ń bẹ lórí igbá. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì fi í pamọ́, ó wà nínú àkọsílẹ̀ ohun èlò wọn, mo sì gbóríyìn fún wọn níbẹ̀.

Kí ni ó wá fi yàtọ̀? Wọn kò fi lọ́fíńdà sí i, wọn kò fi ìpara kankan pa inú rẹ̀, igi rẹ̀ kò fojú kan chlorine, àwòrán ara rẹ̀ sì lẹ́wà débi tí àwọn òbí mìíràn fi ń rà á nítorí ìyẹn nìkan. Fún ọmọ tí ìdí rẹ̀ máa ń pọ́n lẹ́yìn ìlédìí olóòórùn dídùn, ìyàtọ̀ yìí tóbi. Fún ilẹ̀ ayé, kò tóbi tó bí ìpolówó ṣe ń dún. Bí ọmọ kan bá ń lo mẹ́fà lójúmọ́ fún ọdún méjì, 4,380 ìlédìí ni yóò dé ààtàn, ti olóòótọ́ àti ti ẹni tí kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ni yóò jọ wà níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ààtàn bá ká lára jù lọ, ìlédìí aláṣọ tí a ń fọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, bí ó bá ní agbára àti máa fọ̀ ọ́.

Ọṣẹ ìfọṣọ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù, ó sì dùn mí nítorí pé ọṣẹ ìfọṣọ gan-an ló bí ilé-iṣẹ́ náà. Sodium lauryl sulfate, ohun tí ń mú ọṣẹ hó, tí wọ́n ń pè ní SLS, wà lára àwọn ohun tí wọ́n ti ń kéde pé àwọn kò ní lò láéláé. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ọ́ pé àyẹ̀wò tí àwọn ní kí wọ́n ṣe fi hàn pé SLS wà nínú ọṣẹ olómi náà. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní sodium coco sulfate ni àwọn lò. Ibi tí ó ti yẹ kí a dúró díẹ̀ nìyí. Sodium coco sulfate jẹ́ àkópọ̀ tí wọ́n ń ṣe láti ara epo àgbọn, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kò gùn bára wọn mu, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ni ẹ̀yà lauryl, èyí tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá yọ ọ́ sọ́tọ̀, SLS ni wọn yóò pè é. Ó dà bí ẹni tí ó búra pé òun kò ránṣẹ́ pe Táíwò sí òde, ṣùgbọ́n tí ó pe gbogbo ọmọ ilé Táíwò. Lóòótọ́ ni kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ débẹ̀.

SLS kì í ṣe májèlé. Ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọṣẹ ìfọyín. Ó kàn lè mú kí ara tí kò gba nǹkan gbẹ tàbí kí ó máa yún un ni. Nítorí náà, kì í ṣe ewu ló bà mí nínú jẹ́, bí kò ṣe pé wọ́n sọ SLS di ọ̀tá fún ìyá ọmọ kí wọ́n lè rí ọṣẹ tà, kí ó tó wá di pé ìbátan rẹ̀ ni wọ́n fi pamọ́ sínú ilé. Ní 2017 wọ́n gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 1.55 láti fi parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí láìgbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì tún ọṣẹ náà pò.

Ti ìpara tí ń gba ara lọ́wọ́ oòrùn kò gba àròyé gígùn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2015, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán èjìká àti ojú tí oòrùn ti jó pọ́n bẹ̀ǹbẹ̀ hàn lẹ́yìn tí wọ́n lo ìpara SPF 30 wọn (SPF ni òṣùwọ̀n bí ìpara ṣe ń dènà oòrùn tó). Ilé-iṣẹ́ náà ní ìpara náà yege nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníròyìn tọ́ka sí ni pé zinc oxide inú rẹ̀, tí í ṣe apata tí ń dá oòrùn dúró gan-an, ti lọ sílẹ̀ láti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí 9.3. Ọjà mìíràn lè fi àbùkù rẹ̀ pamọ́ fún ọdún kan; ìpara oòrùn kò lè fi í pamọ́ di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n kó páúdà ọmọ padà ní ìparí 2016 nítorí kòkòrò àìfojúrí, wọ́n sì kó àwọn ìnudìí tútù kan padà ní 2017 nítorí pé wọ́n bu. N kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ohunkóhun tí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí kò ní jẹ́ kí ó bu, bí a bá sì ti sọ fún ayé pé a kórìíra ohun bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ọ̀nà tí ó kù fún wa yóò há. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé wọ́n kó o padà.

Ibi tí mo ti rí wọn ní olóòótọ́ jù ni ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí olóhun ìpara kọ “fragrance” (òórùn dídùn) nìkan, kí ó má sì dárúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan tí ó kó sábẹ́ rẹ̀. Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Ọṣẹ ọmọ kan wà, n kò ní dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, òórùn rẹ̀ dùn débi pé bí mo bá wẹ ọmọ tán, n kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti sú títí dé ẹ̀yìn etí, mo sì jókòó lórí àpótí nínú balùwẹ̀, mo ń ka ẹ̀yìn ike náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo bá. Ta ni n ó mú nínú wọn? The Honest Company ní ọjà tí kò ní òórùn rárá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní àkójọ kan tí wọ́n pè ní NO List, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun tí wọn kò ní lò wà nínú rẹ̀. Àkójọ náà wúlò, àmọ́ èmi a kúkú fẹ́ràn ẹni tí ó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún mi ju ẹni tí ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀ lọ. “Natural” (ti ìṣẹ̀dá) náà, ọ̀rọ̀ tí FDA, àjọ Amẹ́ríkà tí ń mójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara, kò fún ní ìtumọ̀ òfin lórí ohun ìpara, kó ẹjọ́ mìíràn bá wọn: dọ́là mílíọ̀nù 7.35 ni wọ́n fi parí rẹ̀ ní 2017.

Ní ti òwò, wọ́n ti gòkè, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní iye rẹ̀ tó dọ́là bílíọ̀nù 1.7 ní 2015. Ní 2017 wọ́n fi Nick Vlahos ṣe ọ̀gá, láti ilé-iṣẹ́ Clorox tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ omi ìbóṣọ oní-chlorine (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ní oṣù karùn-ún 2021 wọ́n gbé ṣíà wọn lọ sí ọjà ní dọ́là 16 ẹyọ kan. Ní 2023, ó ti já sí ìsàlẹ̀ dọ́là 2. Alba fúnra rẹ̀ fi ipò ọ̀gá àgbà ètò iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024.

Bí ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bá bi mí, n ó ní kí ó ra ìlédìí wọn bí ara ọmọ rẹ̀ kò bá gba nǹkan tí owó rẹ̀ sì ká a, nítorí ó wọ́n ju ti àwọn tí kò lórúkọ lọ. N ó ní kí ó ra ìnudìí tí kò ní òórùn láìbẹ̀rù. Ìpara oòrùn ńkọ́? Kí ó ka iye zinc oxide inú rẹ̀ kí ó tó sanwó, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò sì gbọdọ̀ jókòó sínú oòrùn lábẹ́ ìpara ẹnikẹ́ni. Ní ti ọṣẹ olómi, kí ó yí ike náà padà, kí ó fi ìka tẹ̀lé àwọn orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó bá sì bá coco sulfate pàdé nínú ọṣẹ ilé-iṣẹ́ yòówù, kí ó rántí ilé Táíwò.